Àbàwọ́n Funfun Ní Igun Fọ́tò

Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí mo fi máa ń yí kámẹ́rà síbùú, kí n tún yí i sóòró, kí n tó ya ẹnikẹ́ni níta. Àwọn ará ìlú yìí ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. Wọ́n ní Verna ti ń darúgbó, kò mọ òkè yàtọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ mọ́. Kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ. Èmi ni mo mọ ohun tójú mi rí.

Lẹ́ǹsì tuntun ló fà á. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ya fọ́tò létí òkun yìí. Kò sí ọmọ tó wọ iléèwé níbí tí kì í ṣe èmi ni mo yà á, kò sì sí àgbàlagbà tí wọ́n sin tí kì í ṣe fọ́tò tèmi ni wọ́n gbé sórí pósí rẹ̀. Lẹ́ǹsì kan ṣoṣo ni mo fi ń ṣe gbogbo ẹ̀, òun náà sì ti gbó, ó ń mì lẹ́nu kámẹ́rà bí eyín arúgbó. Ìgbà tí Kaylene wá sọ pé òun fẹ́ relé ọkọ, mo ní rárá o, ìgbéyàwó Kaylene kọ́ ni n ó fi lẹ́ǹsì akúrẹtẹ̀ yìí yà. Ọmọ àbúrò mi ni Kaylene. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí ọmọ náà ò tíì lè wọ bàtà fúnra rẹ̀, èmi àti Ambrose ọkọ mi la tọ́ ọ dàgbà. A ò bí ọmọ tiwa. Òun nìkan la ní láyé.

Mo bá ránṣẹ́ ra òmíràn ní ilé ìtajà kan ní Winnipeg, ìlú ńlá tó jìnnà sí wa. Ọkọ̀ ojú irin gbé e dé nígbà tí ìgbéyàwó ku ọ̀sẹ̀ kan. Mo tú páálí rẹ̀ lórí tábìlì jẹ́jẹ́, bí ẹni ń tú ọmọ tuntun nínú aṣọ òtútù. Mo fi lẹ́ǹsì náà sẹ́nu kámẹ́rà, mo dojú ẹ̀ kọ Ambrose tó ń jẹ ọbẹ̀ ẹran ìgbẹ́ karibúù lọ́wọ́, mo tẹ̀ ẹ́. Fọ́tò náà mọ́ kedere débi pé mo lè ka irun imú ọkùnrin náà. Àmọ́ ní igun òkè, lápá òsì, nǹkan funfun kan wà níbẹ̀, ó rí bàìbàì bí ìgbà tí wàrà bá ta sí aṣọ.

"Ambrose, gbé orí ẹ kúrò níbẹ̀."

"Orí mi kọ́ nìyẹn," ló dáhùn, kò tilẹ̀ wòkè. "Irun mi ò tíì funfun tó bẹ́ẹ̀."

Mo nu lẹ́ǹsì náà. Mo tún yà. Ó ṣì wà níbẹ̀. Mo ya ilẹ̀kùn, mo ya kẹ́tùlù, mo jáde lọ ya ajá aládùúgbò, ibi kan náà ni nǹkan funfun yẹn lẹ̀ mọ́ nínú gbogbo wọn. Ọjà tuntun! Ọjà tí mo fi ojú sọ́nà fún bí ẹni ń retí ìyàwó! Mo gbé fóònù, mo pe ilé ìtajà, ọmọkùnrin kan gbé e.

"Ẹ kú àárọ̀, Màmá. Ṣé ẹ ti ṣí ìdérí ẹ̀ kúrò?"

"Ìdérí wo? Bí mi ò bá ṣí ìdérí, ṣé n ó rí nǹkan rárá?"

"Ẹ má bínú, Mà. Àwọn àgbàlagbà míì máa ń gbàgbé ni. Àbí ìka yín ló bọ́ síwájú ẹ̀?"

"Ìka ta? Gbọ́ mi dáadáa, ìwọ ọmọ yìí, kí wọ́n tó bí bàbá ẹ ni mo ti ń ya fọ́tò!"

Irọ́ ni, àmọ́ inú ló ń bí mi. Ọmọ náà ní kò burú, àwọn máa pààrọ̀ ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rí làwọn fẹ́ rí. Kí n jáde lọ ya fọ́tò lọ́sàn-án gangan, kí nǹkan dúdú wà lẹ́yìn ẹni tí mò ń yà kí àbàwọ́n náà lè hàn. Kí n gbé kámẹ́rà níbùú ya díẹ̀, kí n sì gbé e lóòró ya díẹ̀.

"Bó bá jẹ́ pé inú lẹ́ǹsì ni àbùkù wà, Mà, tí ẹ bá yí kámẹ́rà, òun náà á bá a yí lọ sí igun míì. Bó bá jẹ́ nǹkan míì ni, kò ní kúrò lójú kan."

Ohun tí ọmọ náà sọ nìyẹn. Mo gbọ́ ọ, àmọ́ ìbínú ò jẹ́ kó wọnú.

Kaylene ló ní òun á bá mi lọ. "Èmi ni kí ẹ yà, Àǹtí. N ó wọ kóòtù pupa mi. Ẹ̀rí tó rẹwà ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn." Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ náà ní òun ń bọ̀, òun á bá mi gbé báàgì.

Devlin lorúkọ ọmọkùnrin náà. Ará Toronto ni, kò tíì pẹ́ tó dé sọ́dọ̀ wa. N ò ní parọ́ mọ́ ọn, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ó lójú, ó lẹ́nu, bó bá jẹun tán á fọ abọ́ láìjẹ́ pé ẹnì kan sọ fún un. Ohun kan ṣoṣo ló ń bí Ambrose nínú. Ní ìlú wa, láti ìgbà tí òtútù bá ti bẹ̀rẹ̀ títí òkun á fi dì, a kì í ti ilẹ̀kùn. Ilé o, ọkọ̀ o, ṣọ́ọ̀bù o, a kì í tì í. Àwọn béárì funfun ló ni àsìkò yẹn. Ebi ń pa wọ́n, wọ́n ń rìn kiri létí omi, wọ́n ń retí yìnyín tí wọ́n á fi lọ ṣọdẹ lójú òkun. Ẹni tí béárì bá lé, ilẹ̀kùn tó bá kọ́kọ́ kàn ni á wọ̀, ì báà jẹ́ ilé ọ̀tá rẹ̀. Ilé wa gan-an, àlejò ti sá wọ̀ ọ́ rí nígbà tí mo wà nínú balùwẹ̀. Ṣùgbọ́n Devlin, bó bá ti wọ ọkọ̀, ìka rẹ̀ á ti tẹ bọ́tìnì, gbogbo ilẹ̀kùn á dún kọ́!

"Ta lò ń tilẹ̀kùn mọ́, ìwọ ọmọ yìí?" Ambrose á jágbe mọ́ ọn.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ó ti mọ́ mi lára ni. Ní Toronto, tí èèyàn ò bá tilẹ̀kùn, olè á wá jókòó tì í nínú ọkọ̀."

"Olè tibí ò mọ ọkọ̀ wà. Ẹran ló ń jẹ."

Kaylene á bú sẹ́rìn-ín, á fọwọ́ ta Devlin lórí. "Ará oko! Toronto ńlá, ará oko ló bí."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe jáde lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, àwa mẹ́rin nínú píkọ́ọ̀pù Ambrose. A lọ síbi àwọn àpáta dúdú létí òkun, torí ohun dúdú ni ọmọ ilé ìtajà ní kó wà lẹ́yìn. A fi ọkọ̀ sójú títì, kọ́kọ́rọ́ wà nínú rẹ̀, bí a ti ń ṣe. Ambrose gbé ìbọn kọ́ èjìká. Ní ìlú wa, ẹni tó ń ya fọ́tò níta gbọ́dọ̀ ní ẹni tí á máa bá a wo ẹ̀yìn, nítorí ẹni tó bá ti ki ojú bọ kámẹ́rà ti di afọ́jú. Ambrose gun orí àpáta gíga kan, ó gbé awò ìwo-ọ̀nà-jíjìn sójú, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó pẹ́ lórí ẹ̀.

"Kò sí nǹkan kan," ló wí. "Ẹ ṣe é kíá o, ojú ọjọ́ ń bàjẹ́."

Kaylene lọ dúró síwájú àwọn àpáta náà. Yìnyín ti dì sáàárín wọn níhìn-ín lọ́hùn-ún, dúdú àti funfun, dúdú àti funfun, bí aṣọ tí wọ́n fi àkísà lẹ̀. Kóòtù pupa rẹ̀ tàn láàárín wọn. Devlin dúró tì mí, ó gbé báàgì tí mo kó tíì àti ẹran gbígbẹ sí.

"Àǹtí, ẹ yà mí kó dáa o," Kaylene ń pariwo. "Mo fẹ́ kí ọmọ ilé ìtajà yẹn rí mi."

"Kí ló fẹ́ fi rírí ẹ ṣe?" Devlin fèsì.

"Ọ̀rọ̀ ò kàn ẹ́. Gbé báàgì ẹ."

Mo gbé kámẹ́rà níbùú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yà. Bí mo bá ti ya mélòó kan, n ó wo ẹ̀yìn kámẹ́rà. Ó wà níbẹ̀! Igun òkè, lápá òsì, funfun, bàìbàì. Inú mi dùn. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí: inú mi dùn. Mo ń sọ nínú mi pé ọmọ yìí, o ní ìka mi ni, wá wo ìka mi. Mo ní kí Kaylene yíjú sápá kan, mo yà. Mo ní kó jókòó, mo yà. Nígbà tí mo tún wò ó, ó dà bíi pé àbàwọ́n náà ti gbòòrò sí i, ó ti ṣàn wá sísàlẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ wò ó, ó tún ń burú sí i!" Mo fi han Devlin. "Lẹ́ǹsì tuntun ló ń jẹrà lójú mi yìí!"

"Ẹ dá a padà fún wọn, jàre," ni Devlin wí.

Ambrose sọ̀kalẹ̀ lórí àpáta rẹ̀. Ó ní òun ò rí ẹ̀bá omi dáadáa láti ibẹ̀, òun fẹ́ yí lọ sẹ́yìn wò ó. "Ẹ má kúrò lójú kan. Mò ń bọ̀." Ó rìn lọ, àpáta bò ó mọ́ wa lójú.

Ìgbà náà ni mo rántí pé ọmọ yẹn ní kí n gbé kámẹ́rà lóòró pẹ̀lú. Mo yí i. Mo ya ẹyọ kan. Mo wo ẹ̀yìn kámẹ́rà.

Àbàwọ́n di méjì.

Ọ̀kan wà nísàlẹ̀ lápá òsì. Ìyẹn ni àbùkù lẹ́ǹsì, mo yí kámẹ́rà, òun náà yí, bí ọmọ ilé ìtajà ṣe wí gẹ́lẹ́. Èkejì wà lókè, lápá òsì, létí àpáta kan, níbi tí àbàwọ́n náà ti wà tẹ́lẹ̀. Òun ò yí. Mo yí kámẹ́rà, kò bá mi yí. Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ wá wọ̀ mí létí: bó bá jẹ́ nǹkan míì ni, kò ní kúrò lójú kan.

Mo bọ́ ìbọ̀wọ́ mi. Mo fi ìka fa fọ́tò náà kó tóbi. Mo rí ohun dúdú mẹ́ta nínú funfun náà. Ojú méjì, imú kan.

Yéè! Mo padà sórí àwọn tí mo ti yà ṣáájú. Nínú àwọn ti àkọ́kọ́, àbùkù nìkan ló wà níbẹ̀. Nínú àwọn tó tẹ̀ lé e, etí kan yọ díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Nínú èyí tí mo fi han Devlin, tí mo ń yọ̀ sí pé ó ń burú sí i, èjìká àti orí ti jáde tán. Ẹranko náà ti ń rákò bọ̀ wá bá ọmọ mi látìgbà tí mo ti ń kó ẹ̀rí jọ, abẹ́ àbàwọ́n lẹ́ǹsì yẹn ló sì ń gbà bọ̀. Mo gbójú sókè, mo fi ojú lásán wo ibẹ̀, yìnyín ni mo rí. Yìnyín tó wà láàárín àpáta méjì, kò mì, kò mí. Bí kì í bá ṣe fọ́tò, ǹ bá búra pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Láti ibẹ̀ sí ẹ̀yìn Kaylene, kò ju ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì sí pẹpẹ lọ.

Béárì, a kì í sá fún un. Ẹni tó bá sá ti pe ara rẹ̀ ní ẹran. Mo fẹ́ kígbe pe Ambrose, mo mọ̀ pé bí mo bá kígbe, ó parí. Ẹlẹ́dàá mi, má sùn. Mo fi ohùn tí mo fi ń pè é wá jẹun pè é.

"Kaylene."

"Ẹ̀n?"

"Má wẹ̀yìn. Máa rìn bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bọ̀ wá gba tíì."

Ọmọ ìlú yìí ni. Kò bi mí léèrè kankan. Ẹ̀rín tó wà lẹ́nu rẹ̀ kú, ojú rẹ̀ fà le, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bọ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì. Mo ń wo ojú rẹ̀, mi ò jẹ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀, mo ń mi orí sí i pé bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi, bẹ́ẹ̀ ni, máa bọ̀.

"Kí ló dé?" Devlin bi mí. "Ṣé fọ́tò ti tó ni?"

"Sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Má sá o, Devlin, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́. Béárì wà lẹ́yìn ẹ̀."

"Níbo?"

Ìgbà náà gan-an ni yìnyín náà gbé orí sókè.

Devlin lọgun. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ló sọ, igbe lásán ni. Ó ta mọ́ eré, ó dojú kọ ọkọ̀, ó ju báàgì mi sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Béárì dìde. Ó gùn, ó fẹ̀, kò yára, bí ẹni tó mọ̀ pé oúnjẹ òun ò lè sá lọ. Kaylene rí i tí Devlin ń sáré, òun náà bá ta mọ́ eré. Mo kígbe pé, "Má sá! Kaylene, má sá!" Ta ló ń gbọ́? Ọ̀rọ̀ di bó ò lọ o yàgò. Ó kọjá lára mi, kóòtù pupa yẹn gbá mi lọ́wọ́, béárì sì tẹ̀ lé e.

Ẹ̀gbẹ́ mi ló gbà kọjá. Mo gbọ́ mímí rẹ̀. Mo gbóòórùn ẹja jíjẹrà lára rẹ̀. Mi ò sá, ẹ má rò pé akíkanjú ni mí. Mo kàn ń yí tẹ̀ lé wọn bí ẹni tí wọ́n so mọ́lẹ̀, mo di kámẹ́rà mú mọ́yà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ojú rẹ̀ kọ wọ́n, mi ò mọ̀ pé ìka mi ti lẹ̀ mọ́ bọ́tìnì tí ń ya fọ́tò. "Ambrose!" ni mò ń ké. "Ambrose o! Ambrose!"

Devlin dé ìdí ọkọ̀, ó wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé gbàù. Níbi tí mo wà ni mo ti gbọ́ ọ. Kọ́!

Kaylene dé ibẹ̀. Ó fa ilẹ̀kùn, kò ṣí. Ó tún fà á. "Devlin! Ṣílẹ̀kùn! Devlin, èmi ni, ṣílẹ̀kùn!" Ó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá gíláàsì. Béárì ti dé ibi báàgì, ó dúró, ó fi eékánná ya á, ẹran gbígbẹ tí mo gbé wá fọ́n sílẹ̀. Mo ní Ọlọ́run, jẹ́ kó yó, jẹ́ kó jẹ ẹ́ pẹ́. Kò pẹ́ rárá. Gíláàsì tí Kaylene ń gbá ló gbọ́, ó gbé ẹnu kúrò nílẹ̀, ó wo ọkọ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Mo rí ẹ̀yìn rẹ̀ funfun gbàràmù, mo rí pupa díẹ̀ níwájú rẹ̀, pupa náà ń kéré sí i. Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà bí ọkàn ìyá ṣe ń rí kó tó fà já.

Ambrose yọ lórí àpáta. Mi ò rí i, ìbọn rẹ̀ ni mo gbọ́. Ó yin ọta tí ń bú gbàmù tí a fi ń lé béárì, ó bú níwájú béárì náà, èéfín rú. Béárì dúró ṣinṣin. Ó tún yìn ín. Ẹranko náà yí ẹ̀yìn padà, ó sáré gba ẹ̀bá omi lọ, títí funfun rẹ̀ fi wọ inú funfun.

Ó ti lọ tán kí ilẹ̀kùn ọkọ̀ tó dún. Kọ́. Ó ṣí. Kaylene ò wọlé mọ́. Ó ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè bíi pé ó fẹ́ gbá gíláàsì.

Ambrose sáré dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Kí ló dé tí o ò ṣílẹ̀kùn? Ìwọ ọmọkùnrin yìí, mo ní kí ló dé tí o ò ṣílẹ̀kùn!"

Devlin ń sunkún bí ọmọdé. "Mi ò rí i, Bàbá! Èémí mi ti bo gíláàsì, mi ò rí nǹkan kan! Mo rò pé béárì náà ló ń gbá a! Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò mọ̀ pé òun ni!"

A wọkọ̀, a lọ sílé. Mo po tíì, kò sẹ́ni tó mu ún. Ambrose ò wo Devlin lójú, ó mú ìbọn rẹ̀, ó lọ sọ fún àwọn tó ń ṣọ́ ìlú pé béárì kan wà létí àpáta. Kó tó jáde, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, Kaylene dá a lẹ́kun.

"Ẹ fi í sílẹ̀, Bàbá. Ẹ̀rù ló bà á. Èmi náà sá, bẹ́ẹ̀ láti kékeré lẹ ti kọ́ mi pé ká má sá." Ó di ọwọ́ Devlin mú. "Kò rí mi ni. Ó ní òun ò rí mi."

Devlin lọ dùbúlẹ̀ ní yàrá. Èmi jókòó sídìí tábìlì. Mo ní kí n ṣa àwọn fọ́tò tí n ó fi ránṣẹ́ sí ilé ìtajà, kí lẹ́ǹsì burúkú yìí kúrò nílé mi. Mo ń wò wọ́n lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo dé ibi tó di méjì, mo yára fò ó. Ìgbà náà ni mo rí i pé fọ́tò ò tán síbẹ̀. Àwọn kan ṣì wà lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n pọ̀, àwọn tí ìka mi yà láìjẹ́ pé mo rán an níṣẹ́.

Àwọn kan wọ́, ilẹ̀ àti ọ̀run dàpọ̀ nínú wọn. Àmọ́ àwọn kan mọ́. Igun nìkan ni lẹ́ǹsì yẹn ti lábùkù, àárín rẹ̀ mọ́ bí omi kànga. Ọkọ̀ wa wà láàárín. Ẹ̀yìn Kaylene wà níbẹ̀, irun rẹ̀ ti tú. Gíláàsì wà níwájú rẹ̀. Èémí kankan ò bò ó. Mo fà á kó tóbi, mo rí Devlin nínú rẹ̀ kedere, bí mo ṣe rí irun imú Ambrose lọ́jọ́ tí lẹ́ǹsì dé. Ìka rẹ̀ wà lórí bọ́tìnì ilẹ̀kùn. Nínú ọ̀kan, Kaylene ló ń wò. Nínú èyí tó tẹ̀ lé e, ó ń wo béárì. Nínú èyí tó tún tẹ̀ lé ìyẹn, ó ti padà sọ́dọ̀ Kaylene, ó ń wò ó lójú kòró, ìka rẹ̀ ò sì kúrò níbi tó wà.

Wọ́n ní ojú ni í rójú ṣàánú.

Ẹ̀rù tó bà mí níbẹ̀, ó ju ti àpáta lọ. Ti àpáta, mo mọ̀ pé ẹranko ni. Mo ní kí n pa wọ́n rẹ́. Aṣọ ìgbéyàwó ọmọ mi wà lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, inú ọmọ mi sì ti fẹ́ balẹ̀. Ta ni kì í bẹ̀rù ikú? Ó lè jẹ́ pé ọwọ́ ọmọkùnrin náà ló kú mọ́ ọn lára. Mo gbé ìka lé ibi tí wọ́n ti ń pa fọ́tò rẹ́.

"Kí lẹ̀ ń wò?"

Kaylene ló wà lẹ́yìn mi, ife tíì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kò sí nǹkan kan. Ti ilé ìtajà ni."

"Àǹtí."

"Mo ní kò sí nǹkan kan, Kaylene. Lọ bá ọkọ ẹ."

Ó gbé ife sílẹ̀, ó gba kámẹ́rà lọ́wọ́ mi. Mi ò lágbára láti bá a jà. Ó fi ìka fà á kó tóbi, ó tún fà á, títí ojú Devlin nìkan fi kún ẹ̀yìn kámẹ́rà náà. Ó wò ó pẹ́. Ó lọ sí èyí tó tẹ̀ lé e, ó wo ìyẹn náà. Omi ò bọ́ lójú rẹ̀. Ojú rẹ̀ fà le bó ṣe fà le nígbà tó ń rìn bọ̀ lọ́dọ̀ mi láàárín àpáta, tí kò wẹ̀yìn.

"Ó rí mi," ló wí.

Láti yàrá ni Devlin ti pè é. "Kaylene, ṣé tíì ṣì wà?"

Ó gbé kámẹ́rà lé mi lọ́wọ́, ó sì lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó fa ilẹ̀kùn wò, bóyá Devlin ò tì í. Ó padà wá jókòó tì mí.

"Àǹtí, ẹ di lẹ́ǹsì yẹn dáadáa," ló wí. "Ọkọ̀ ojú irin ń lọ lọ́la. Devlin á bá yín gbé e dé Winnipeg."

Mo dìde, mo lọ wá páálí rẹ̀.